Alárinà Tí Ẹnìkan Kò Rán Níṣẹ́

Láyé àtijọ́, kí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó délé bàbá ọmọ, alárinà ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Òun ni í yọ́ wo ilé ọmọ, òun ni í wádìí bóyá àrùn tàbí ìwàkiwà kan wà nínú ìdílé, òun náà ni í gbé ọ̀rọ̀ lọ tí í gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni. Alárinà mìíràn ti wá wà lóde báyìí tí ẹnikẹ́ni kò rán, tí àwọn tó ń ṣe alárinà fún kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n rí. Ẹni tó bá wo BBNaija lọ́dún 2018 ti pàdé rẹ̀. Bambam àti Teddy A wà nínú ilé, àwọn òǹwòran tó wà lóde sì ti so orúkọ wọn pọ̀ di "BamTeddy". Lọ́dún 2019, Khafi àti Gedoni di "KhaDoni". Àwọn alárinà yìí dìbò, wọ́n ra ẹ̀bùn, wọ́n bá ẹni tó bá sọ̀rọ̀ àwọn ayànfẹ́ wọn láìdáa jà lórí Twitter títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe gan-an, wọ́n á ní àwọn "ń ship wọn" ni. Àwọn méjì méjì wọ̀nyí sì fẹ́ ara wọn lóòótọ́ lẹ́yìn náà, èyí tó mú kí alárinà ọ̀fẹ́ gbà pé iṣẹ́ òun ló jẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà ti di ọmọ ilé. Ẹni tó ń sọ Yorùbá rẹ̀ lọ geerege á kàn sọ ọ́ sáàárín gbólóhùn, kò ní wẹ̀yìn wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni "slay", tó ti bí "slay queen" àti "slay mama" lọ́dọ̀ wa, àti "shade", tó fi jẹ́ pé ẹni tí wọ́n bá sọ̀kò ọ̀rọ̀ lù á ní wọ́n shade òun. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn gbajúmọ̀ Amẹ́ríkà ni. Àwọn gbajúmọ̀ náà yá a lò ni. Bí a bá tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ìdí, ọ̀dọ̀ àwọn tí kò lè sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn ní gbangba la máa bá a: ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin, obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin, àwọn tí ara tí wọ́n bí mọ́ wọn kò bá ẹni tí wọ́n mọ ara wọn sí mu, àti àwọn òǹwòran eré tó ń kọ ìtàn ní kọ̀rọ̀.

"Ship" fúnra rẹ̀ kò ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń lò ó kì í yé fi ọkọ̀ ṣàwàdà: bí àwọn méjì bá fẹ́ra, wọ́n á ní ọkọ̀ ti ṣí, bí wọ́n bá jà, wọ́n á ní ọkọ̀ ti rì. Ara "relationship" ni wọ́n ti gé e. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1993, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn Fox bẹ̀rẹ̀ eré kan, The X-Files, nípa àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI méjì, Mulder àti Scully, tó ń wádìí ohun abàmì. Íntánẹ́ẹ̀tì ìgbà náà kò tíì kún fún àwòrán. Orí Usenet ni àwọn òǹwòran ti ń pàdé, ọ̀rọ̀ kíkọ lásán. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ́. Àwọn kan fẹ́ kí Mulder àti Scully fẹ́ra, wọ́n pe ara wọn ní "relationshipper". Àwọn kan ní ìfẹ́ yóò ba adùn eré jẹ́, wọ́n pe ara wọn ní "noromo". Orúkọ àwọn ti àkọ́kọ́ gùn jù fún ẹni tó ń bá èèyàn jiyàn lóru, ni wọ́n bá gé orí rẹ̀ kúrò. Ó ku "shipper", ó wá ku "ship".

Ṣùgbọ́n Mulder ọkùnrin ni, Scully obìnrin. Ẹnikẹ́ni kò ní láti fi orúkọ bojú kó tó lè sọ pé ó wu òun kí wọ́n fẹ́ra. Iṣẹ́ alárinà àìrán yìí ti wà ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú wọn, lórí àwọn méjì mìíràn, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti le.

Láti 1966 títí di 1969 ni Star Trek fi ń jáde lórí tẹlifíṣàn NBC. Kirk ni ọ̀gá ọkọ̀ tó ń rìn láàárín ìràwọ̀. Spock ni igbákejì rẹ̀, ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ayé yìí, tí bàbá rẹ̀ sì wá láti ayé mìíràn tí wọn kì í fi ìmọ̀lára hàn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn múra tán láti kú nítorí èkejì. Àwọn obìnrin tó ń wo eré náà wo ojú Spock nígbà tí Kirk bá kó sínú ewu, wọ́n ní èyí ju ọ̀rẹ́ lọ. Láti 1967 tí Spockanalia ti jáde ni àwọn olólùfẹ́ eré náà ti ń tẹ ìwé ìròyìn tiwọn, tí wọ́n ń dì í fúnra wọn, tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́ síra wọn láti ilé ìfìwéránṣẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní àmì kan. Bí ìtàn bá jẹ́ ti ọ̀rẹ́ lásán, wọ́n á kọ ọ́ báyìí: Kirk & Spock. Bó bá jẹ́ ti olólùfẹ́, wọ́n á fi ìlà kékeré tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sáàárín: Kirk/Spock, tàbí K/S péré. Ìlà yẹn, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "slash", ló di orúkọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lápapọ̀. Ẹni tó bá mọ̀, mọ̀. Ọkọ tó bá ṣèèṣì rí ìwé náà lórí tábìlì ìyàwó rẹ̀ á rò pé àmì ìkọ̀wé ni.

Ìtàn K/S àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde, "A Fragment Out of Time", ọdún 1974 ló jáde nínú ìwé ìròyìn kan tó ń jẹ́ Grup. Diane Marchant, ará Australia, ló kọ ọ́, kò sì dárúkọ ẹni kankan nínú rẹ̀. Ìbá ṣe pé Yorùbá ló fi kọ ọ́, "ó" tiwa tí kì í sọ akọ tàbí abo ìbá bá a bò ó mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí wà tó fi ń ṣọ́ra. Òpin ọdún 1973 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ìfẹ́ akọ sí akọ àti abo sí abo kúrò lára àwọn àrùn, òfin tó ka ìbálòpọ̀ akọ sí akọ sí ẹ̀ṣẹ̀ sì wà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpínlẹ̀ ibẹ̀. 2003 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ tó pa ìyókù rẹ̀ rẹ́.

Èèyàn lè béèrè pé kí ló kan obìnrin kan ìfẹ́ ọkùnrin méjì. Mo bi ara mi bẹ́ẹ̀ náà. Joanna Russ, òǹkọ̀wé ìtàn sáyẹ́ǹsì tó fẹ́ràn obìnrin bíi tirẹ̀, tó sì ń ka K/S tó tún ń kọ ọ́, gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò nínú àròkọ kan tó jáde ní 1985, kò sì tijú rẹ̀. Ohun tí mo rí mú nínú irú àlàyé bẹ́ẹ̀ ni pé nínú eré ìgbà náà, obìnrin kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ rárá. Ẹni tí wọ́n ń gbà là ni, tàbí ẹni tó ń gbé fóònù. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìfẹ́ láàárín ẹni méjì tí agbára wọn dọ́gba kò ní ẹlòmíràn tó lè lò ju Kirk àti Spock lọ. Àwọn kan nínú àwọn òǹkọ̀wé yìí ní ọkọ nílé, àwọn kan fẹ́ràn obìnrin, àwọn kan kò tíì mọ èyí tí wọ́n jẹ́.

Etí Gene Roddenberry tó dá eré náà sílẹ̀ kò di. Nínú ìwé tó kọ láti inú sinimá Star Trek ti 1979, ó fi ọ̀rọ̀ kan sọ́kàn Spock láti inú èdè àwọn ará ayé rẹ̀, "t'hy'la", ó sì ṣàlàyé nísàlẹ̀ ojú ìwé pé ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́, ó lè jẹ́ arákùnrin, ó sì lè jẹ́ olólùfẹ́. Ó wá mú kí Kirk fúnra rẹ̀ dá sí i pé obìnrin ló wu òun. Àgbà ọ̀jẹ̀! Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò lé àwọn oníbàárà lọ.

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, àwọn ìtàn náà kó lọ síbẹ̀, wàhálà sì bá wọn lọ. Ilé onílé ni wọ́n ń gbé. FanFiction.net, tó ṣí ní 1998, ní òun kò fẹ́ ìtàn àgbàlagbà mọ́ ní 2002. Ní 2007, LiveJournal ti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojúlé pa lẹ́ẹ̀kan náà, ó fa ìlà gba orí orúkọ wọn kọjá. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn òǹkọ̀wé, tí Naomi Novik wà lára wọn, pinnu pé àwọn yóò kọ́ ilé tiwọn. Archive of Our Own, tí wọ́n ń pè ní AO3, ṣílẹ̀kùn fún gbogbo èèyàn ní oṣù Kọkànlá ọdún 2009. Kò sí ìpolówó ọjà níbẹ̀, owó ìtọrẹ ni wọ́n fi ń ṣe é, àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ló ń bójú tó o. Ní 2019, ní Dublin, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Hugo ti ìtàn sáyẹ́ǹsì. Ìtàn tó wà níbẹ̀ ti ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ, èyí tí ìlà ìdákọ́ńkọ́ yẹn so ọkùnrin méjì pọ̀ nínú rẹ̀ ló sì pọ̀ jù.

"Slay" àti "shade" gba ọ̀nà mìíràn, èmi kò sì fẹ́ kí a kó wọn pọ̀ mọ́ ti àwọn obìnrin Star Trek, nítorí pé àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ará Latin ní Harlem ló ni wọ́n. Ní 1967, Crystal LaBeija fi ìbínú kúrò níbi ìdíje ẹwà kan nílùú New York tí àwọn ọkùnrin ti ń múra bí obìnrin, ó ní ojúsàájú ni wọ́n fi yan òyìnbó. Kámẹ́rà wà níbẹ̀, ó sì wà nínú fíìmù The Queen. Ó wá dá ilé LaBeija sílẹ̀, àwọn ilé mìíràn tẹ̀ lé e, "ìyá" àti "bàbá" ilé ń gba àwọn ọmọ tí òbí wọn ti lé jáde sọ́dọ̀. Níbi òde ijó àwọn ilé yìí ni èdè náà ti gbó. Paris Is Burning, fíìmù tí Jennie Livingston ṣe ní 1990, ló gbé e jáde. Dorian Corey jókòó níwájú dígí nínú rẹ̀, ó ń tọ́jú ojú rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì ń ṣàlàyé pé bí èèyàn bá rí àléébù ẹnìkejì tó sì sọ ọ́ síta, "read" nìyẹn. "Shade" ni kí o má tilẹ̀ sọ ọ́, nítorí pé onítọ̀hún ti mọ̀. Láti 2009, ètò tẹlifíṣàn RuPaul's Drag Race kó àwọn ọ̀rọ̀ náà wọ yàrá àwọn tí kò dé Harlem rí. Ní 2017, Merriam-Webster fi "throw shade" sínú ìwé atúmọ̀ èdè.

Orí Tumblr ni odò méjèèjì ti pàdé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó wá ka ìtàn K/S á bá "yas" àti "slay" níbẹ̀, á sì kó gbogbo rẹ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́. Ẹ wo eré tẹlifíṣàn Supernatural. Castiel, áńgẹ́lì, wọ inú eré náà ní 2008, àwọn olólùfẹ́ sì so òun àti Dean, akọni eré náà, pọ̀ di "Destiel". Ọdún méjìlá ni wọ́n fi ń wo ìwòkuwò tí àwọn méjèèjì ń wo ara wọn, wọ́n sì ní àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣàn ń fi ìjẹ dẹ àwọn lásán. "Queerbaiting" ni wọ́n pè é. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá 2020, Castiel sọ fún Dean pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, òkùnkùn sì gbé e mì lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ṣì ń ka ìbò Biden àti Trump lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń lo àwòrán yẹn: Castiel á ní "mo nífẹ̀ẹ́ rẹ", Dean á sì fi ìròyìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde dá a lóhùn. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò wo eré náà rí ń gbọ́ ikú ọba àti ìṣubú ìjọba lẹ́nu Dean.

Yorùbá ní bójú bá ti mọjú, alárinà a yẹ̀ba. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yẹ àwọn èèyàn yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tumblr fúnra rẹ̀ lé àwòrán àgbàlagbà jáde ní oṣù Kejìlá 2018. Àwọn olóṣẹ àti olómi ara ń kọ "slay" sára ike wọn. Ohun kan sì tún yí padà tí kò dùn mọ́ mi nínú: Kirk kò lè bínú, Spock kò lè sunkún, nítorí pé ẹ̀dá inú eré ni wọ́n, ṣùgbọ́n iṣẹ́ alárinà àìrán ti bọ́ sórí alààyè. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ olórin One Direction so Louis Tomlinson àti Harry Styles pọ̀ di "Larry", Tomlinson sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé ó ba àárín òun àti ọ̀rẹ́ òun jẹ́. Àwọn ará ilé BBNaija náà mọ ìnira yẹn. Ẹni tó bá kọ ẹni tí àwọn òǹwòran yàn fún un, èébú ni yóò bá lóde.

Lọ́dọ̀ wa, odò náà ti ní ààlà. Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2014 sọ pé ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni fún akọ tó bá fẹ́ akọ tàbí abo tó bá fẹ́ abo, ọdún 10 sì ni fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ irú wọn sílẹ̀. Ship tiwa, ọkùnrin àti obìnrin ni, irú èyí tí alárinà ayé àtijọ́ náà lè bá wọn parí. Èdè tí wọ́n fi ń sọ ohun tí kò ṣeé sọ, ohun tó ṣeé sọ níwájú àna la ń fi í sọ. Nínú àwọn tó ń slay kiri ojú agbo òde ní Èkó, àwọn kan wà tí inú wọn kò ní dùn bí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà bá jókòó tì wọ́n.

Star Trek ní tirẹ̀ ti dáhùn díẹ̀. Ní 2017, nínú Star Trek: Discovery, wọ́n fi ọkùnrin méjì tó ń fẹ́ra, Stamets àti Culber, sínú ọkọ̀, láìsí àlàyé ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Kirk àti Spock kò tíì rí irú rẹ̀ gbà. Ní 2022 ni Strange New Worlds tún bẹ̀rẹ̀, Spock ọ̀dọ́ wà nínú rẹ̀, Kirk ọ̀dọ́ sì yọjú kí apá kìíní tó parí, àwọn tó ń kọ K/S sì tún rí iṣẹ́ tuntun ṣe.