Ọmọ Tó Sọ Ilé Nù Nínú Àwòrán Iná

Iṣẹ́ yíya àwòrán iná ilé iṣẹ́ ni mo ń ṣe. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun kan tó máa ń da àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí lórí kọ̀ǹpútà láàmú: ìtọ́kasí tí kò bára mu nínú àwòrán. Àwọn òbí pàápàá á rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rọ tó ń fa omi ṣe àpẹẹrẹ. Nínú àpótí tí a fi ń darí rẹ̀, relay máa ń wà níbẹ̀. Relay ní coil, ó sì ní àwọn contact. Bí iná bá dé inú coil, àwọn contact tó ṣí sílẹ̀ á pàdé, àwọn tó ti pàdé á sì ṣí. Ara kan náà ni wọ́n nínú àpótí, ṣùgbọ́n nínú àwòrán, coil lè wà lójú ìwé 1 kí contact rẹ̀ sì wà lójú ìwé 3. Nọ́ńbà kékeré tó ń sọ ibi tí èkejì wà ni ìtọ́kasí.

Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣìnà, ewu ń bẹ. Oníṣẹ́ iná lè pa iná coil, kó rò pé gbogbo rẹ̀ ti kú, nígbà tí iná mìíràn láti ibòmíràn ṣì wà lára contact.

Nínú AutoCAD Electrical, òbí ni wọ́n ń pe coil, ọmọ sì ni contact. Àwọn àgbà ní ọmọ tó bá sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́. Bí ọmọ kò bá mọ òbí rẹ̀, báyìí ni mo ṣe ń wá a:

Èkíní, mo máa ń wò bóyá gbogbo ojú ìwé wà nínú project kan náà. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, ètò náà kò ní wá nǹkan kan débẹ̀.

Èkejì, mo máa ń fi orúkọ wéra. CR101 àti CR-101 kì í ṣe orúkọ kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà O kì í ṣe òdo.

Ẹ̀kẹta, mo máa ń yẹ irú àmì tí wọ́n lò wò. Nínú àwọn àmì ìlànà Amẹ́ríkà, HCR1 ni coil, HCR21 ni contact tó ṣí sílẹ̀, HCR22 ni èyí tó pàdé. Ipò kẹrin ló ń sọ ìran: 1 ni òbí, 2 ni ọmọ. Bí wọ́n bá sì ti fi àṣẹ EXPLODE fọ́ àmì, ìlà lásán ló kù. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ mú òmíràn.

Ẹ̀kẹrin, mo máa ń wò bóyá ojú ìwé méjì ní nọ́ńbà ìlà kan náà. Bí 214 bá wà níbi méjì, èwo ni ká lọ?

Lẹ́yìn èyí, ẹ tún àkọsílẹ̀ project náà ṣe, kí ẹ tún ìtọ́kasí ṣe jákèjádò gbogbo ojú ìwé, kí ẹ wá fi Surfer tọ orúkọ náà káàkiri.

Ẹ má ṣe fi ọwọ́ tẹ nọ́ńbà sí i kí iṣẹ́ lè yá. Lọ́jọ́ tí ìlà bá yípadà, nọ́ńbà àfọwọ́tẹ̀ kò ní tẹ̀ lé e, yóò wá di irọ́ tó dà bí òótọ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń ṣe iṣẹ́ iná, bó ti wù kí àwòrán dára tó, ẹ kọ́kọ́ fi tẹ́sítà yẹ wáyà wò kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Olúwa yóò máa ṣọ́ wa o.