Ọṣẹ olómi tó ki nílé, tó wá ń ṣàn bí omi lọ́jà

Àwọn ìyá wa tó ń po ọṣẹ olómi tà ní Kánò, Kàdúná àti Sókótó mọ ẹjọ́ yìí dáadáa. Oníbàárà á gbé ike dání, á mì í, á ní: "Ìyá, ẹ ti bomi là á." Bẹ́ẹ̀ ìyá ò bomi là á rárá.

Nitrosol ló ń mú ọṣẹ yẹn ki, ìyẹ̀fun funfun tí a máa ń rẹ sómi di ọjọ́ kejì. Ara igi tàbí òwú ni wọ́n ti ń ṣe é. Tó bá ti mu omi yó, á di bí okùn gígùn tín-ín-rín tí ojú ò lè rí, tí wọ́n lọ́ mọ́ra wọn. Àwọn okùn yẹn ni kì í jẹ́ kí omi rí ọ̀nà sáré. Irú okùn bẹ́ẹ̀ náà ló wà nínú ewédú àti ilá tí wọ́n fi ń fà.

Ní 1687, Isaac Newton kọ ọ́ sínú ìwé pé bí a bá ṣe ń yára ti omi tó ni yóò ṣe máa dènà tó. Omi lásán àti òróró ń tẹ̀ lé e: ẹ rò ó jẹ́jẹ́, ẹ rò ó kíákíá, bó ṣe ki náà ló ṣe máa ki. Ọṣẹ tiwa ò gbọ́ ti Newton. Tí ẹ bá ń rò ó kíákíá, àwọn okùn á tò síbi tí igi ń lọ, ọṣẹ á sì rọ̀. Ẹ dáwọ́ dúró, wọ́n á tún lọ́ pọ̀, á tún ki. (Ògì tó sùn sísàlẹ̀ omi, òdìkejì ni: ẹ fi ṣíbí gún un lójijì, á le gbagidi, ẹ rọra tì í, á wọlé.)

Ooru ló wá ń bà á jẹ́ jù. Ní Sókótó lóṣù kẹrin, ooru máa ń kọjá ìwọ̀n 40, ọṣẹ tó ki dáadáa ní Jos á sì ṣàn níbẹ̀. Ẹ má tìtorí ẹ̀ da nitrosol kún un, owó lẹ ń dà nù. Nitrosol kì í fọ ìdọ̀tí, Texapon ló ń fọ̀ ọ́. Iyọ̀ ńkọ́? Díẹ̀ máa ń mú Texapon ki, àmọ́ tó bá pọ̀ jù, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ á tún ṣàn padà. Ẹ máa bù ú díẹ̀díẹ̀.

Kí ẹ tó sọ pé ọṣẹ ò ki, ẹ bu díẹ̀ sínú ike, ẹ gbé e sínú omi tútù, ẹ jẹ́ kó sinmi. Lójú oníbàárà gan-an ni kí ẹ ti ṣe é.