Asofẹ́yẹjẹ àti Ìtọ́jú Àìróorunsùn: Àlàyé fún Àwọn Ará Wuye

Tí oorun bá di ọ̀wọ́n fún Yorùbá tó ń gbé ní Wuye, l'Abuja, àgbo wà lára ohun tí yóò kọ́kọ́ rò, bí ó ti rí nílé. Ọ̀kan nínú egbò tí a fi ń se irú àgbo bẹ́ẹ̀ ni asofẹ́yẹjẹ, igi tí ó ń so èso fún ẹyẹ jẹ. Òun ni a fẹ́ ṣàlàyé nínú iṣẹ́ yìí.

Ó pẹ́ tí àwọn onísègùn wa ti ń fi egbò rẹ̀ tọ́jú ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, kí ara rẹ̀ lè balẹ̀, kí ó sì sùn. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé lórí èyí ní 1960. Ní Aro, láti 1954, ni Dókítà Adéoyè Lámbò ti gba àwọn onísègùn ìbílẹ̀ mọ́ra nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1952, ilé-iṣẹ́ Ciba ní Switzerland ti yọ èròjà reserpine láti ara ìbátan igi yìí tó wà ní Íńdíà. Èròjà kan náà wà nínú asofẹ́yẹjẹ tiwa. Nítorí náà, àwọn bàbá wa kò purọ́.

Ṣùgbọ́n reserpine kì í ṣe oògùn oorun lásán. Ó ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ẹni tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀, tó wá ń mu àgbo yìí, òòyì lè kọ́ ọ títí yóò fi ṣubú. Ó tún lè dá ìbànújẹ́ ọkàn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìbànújẹ́ yẹn gan-an ló máa ń lé oorun lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn! Tí wọ́n bá fi ògógóró rẹ ẹ́, ewu rẹ̀ pọ̀ sí i.

Láyé àtijọ́, inú ilé onísègùn ni aláìsàn ń gbé. Onísègùn ń wo ojú rẹ̀, ó ń dín egbò kù, ó ń fi kún un. Ní Wuye, ike àgbo ni a ń gbé lọ sílé, kò sí ẹni tó ń wò wá. Lójú tiwa, ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyẹn.

Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára àgbo inú páálí kò fi hàn pé ó ń wo àìsàn: ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kọ ọ́ sára pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé ó ń ṣe wò. Ẹ bi ẹlẹ́wé ọmọ léèrè orúkọ egbò tó wà nínú àgbo, kí ẹ sì sọ ọ́ fún dókítà yín. Kí aláboyún má fẹnu kàn án.