Wíwọn Bí Ayé Ṣe Rí fún Ẹni tí Okùn Ọ̀pá-ẹ̀yìn Rẹ̀ Fara Pa

Okùn ọ̀pá-ẹ̀yìn ni ọ̀nà tí iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán sí apá, ẹsẹ̀, àpò ìtọ̀ àti ìfun ń gbà kọjá. Òun náà ni ìmọ̀lára ń gbà padà. (Mùdùnmúdùn tí àwọn kan ń pè é kò bá a mu tó, nítorí ohun tí ó wà nínú ihò eegun ni ọ̀rọ̀ yẹn ń tọ́ka sí.) Oníṣègùn lè fi abẹ́rẹ́ àti òwú dán ara wò, kí ó sì mọ ibi tí ìpalára náà dé, ṣùgbọ́n bí ayé ṣe rí fún aláìsàn, ẹnu aláìsàn nìkan ni a ti lè gbọ́ ọ.

Irú ìbéèrè tí a ó bi í ni ó ṣòro. Ìwé ìbéèrè SF-36, tí a ṣe ní Amẹ́ríkà láìka irú àìsàn sí, ń béèrè bí ìlera ṣe dí ènìyàn lọ́wọ́ láti gun àtẹ̀gùn tàbí láti rin ìrìn tí ó ju máìlì kan lọ. Máàkì ẹni tí ń lo àga onítáyà yóò lọ sílẹ̀ níbẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ó ń lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ní 2012, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ tẹ ìbéèrè mẹ́ta péré jáde fún àwọn tí ọ̀ràn náà kàn: lórí ayé lápapọ̀, lórí ìlera ara, àti lórí ìlera ọkàn, láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn. Òdo ni ó kéré jù, 10 ni ó pọ̀ jù.

Ogbufọ̀ tí ó bá lo «àlàáfíà» ti da ìbéèrè kejì pọ̀ mọ́ ẹ̀kẹta, nítorí ara àti ọkàn ni àlàáfíà kó pọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí a bá bi pé «Ṣé àlàáfíà ni?», «A dúpẹ́» ni yóò fi dáhùn, bí ara tilẹ̀ ń ro ó. Ti «ìtẹ́lọ́rùn» tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwà rere ni ìtẹ́lọ́rùn láàárín Yorùbá. Ẹni tí ó bá sọ pé òun kò ní in, ọ̀kánjúà ni ó pe ara rẹ̀. Ta ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ mú òdo? Ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ kò ní ẹ̀gàn bẹ́ẹ̀ nínú: ọbẹ̀ lè má tẹ́ni lọ́rùn láìjẹ́ pé ẹni náà jẹ́ ọ̀kánjúà.

Ogbufọ̀ kò sì gbọdọ̀ fi «láìka ìyà yín sí» tàbí irú rẹ̀ kún un. Ní 1999, Albrecht àti Devlieger kọ ọ́ pé ó ju ìdajì lọ nínú àwọn abirùn tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò tí ó ní ayé dára fún àwọn, bẹ́ẹ̀ ìyà ni ojú ará ìta ń rí. Nítorí náà, ó tó kí ìbéèrè kìíní kà báyìí: «Bí ẹ bá wo ayé yín lápapọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn, báwo ni ó ti tẹ́ yín lọ́rùn tó?» Kí a kọ «kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá» sí ẹ̀gbẹ́ òdo, kí a sì kọ «ó tẹ́ mi lọ́rùn pátápátá» sí ẹ̀gbẹ́ 10.