Ẹ̀rọ Amúnáwá Alátẹ́gùn, Ẹyẹ àti Àdán

Kò sí ọ̀wọ́ ẹ̀rọ amúnáwá alátẹ́gùn ní Àgọ́ Aláayè, kò sì sí ní Ọ̀rẹ̀. Gáàsì ni a fi ń pèsè iná nítòsí ibẹ̀, ní Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ lójú ọ̀nà Benin. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà ní láti lọ sí Lambar Rimi ní Ìpínlẹ̀ Katsina, níbi tí a gbé 37 dúró sí, tí agbára gbogbo wọn jẹ́ mẹ́gáwáàtì 10. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kan ará Ọ̀rẹ̀. Ẹranko kan tí èdè Yorùbá kò kà mọ́ ẹyẹ ni ó jẹ́ kí ó kàn án.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ wo orúkọ ẹ̀rọ náà. Fáànù ń fi iná ṣe atẹ́gùn; ẹ̀rọ yìí ń fi atẹ́gùn ṣe iná. Nítorí náà “ẹ̀rọ atẹ́gùn” nìkan kò tó orúkọ fún un, nítorí fáànù pàápàá lè jẹ́ orúkọ yẹn. “Ẹ̀rọ amúnáwá alátẹ́gùn” sọ ohun tí ẹ̀rọ ń lò àti ohun tí ó ń mú jáde. Àwọn ohun gígùn mẹ́ta tí ń yí lórí òpó rẹ̀, apá ni ó yẹ kí á pè wọ́n. Bí a bá pè wọ́n ní ìyẹ́, gbólóhùn tí ó sọ pé ìyẹ́ ń pa ẹyẹ yóò rú ẹni tí ń kà á lójú.

Lójú ẹni tí ó dúró lókèèrè, apá wọ̀nyí a dà bí ohun tí ń rọra yí. Ṣùgbọ́n ṣóńṣó wọn a máa sáré ju kìlómítà 200 lọ ní wákàtí kan. Ẹyẹ tí ń wo ilẹ̀ láti wá ohun tí yóò pa jẹ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wo iwájú. Báyìí ni ọ̀pọ̀ idì ṣe kú ní Altamont Pass ní California. Ní erékùṣù Smøla ní Norway, àwọn olùwádìí kun ọ̀kan nínú apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọ̀dà dúdú lára ẹ̀rọ mẹ́rin ní ọdún 2013. Ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020 sọ pé ikú ẹyẹ fi nǹkan bí 70 nínú 100 dín kù ní ìdí ẹ̀rọ wọ̀nyí. Ẹ̀rọ mẹ́rin kéré láti fi ṣe òfin fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ọ̀dà kò wọ́n.

Àdán ńkọ́? “Àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ”: ẹni tí ń wòṣe ẹyẹ kì í ṣe ẹyẹ. Ó ń fò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní eyín, ó ń bímọ, ó sì ń fọ́mọ lọ́mú. Bí a bá wá bi àwọn ará abúlé léèrè ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe fún “ẹyẹ”, tí wọn kò sì mẹ́nu kan àdán, wọn kò purọ́; ìbéèrè ni kò pé. Bẹ́ẹ̀ ni, ní ọ̀pọ̀ ibi ní Àríwá Amẹ́ríkà, àdán tí ẹ̀rọ ń pa pọ̀ ju ẹyẹ lọ. Ní 2008, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Calgary ní Kánádà ṣàlàyé pé ìfúnpá afẹ́fẹ́ a máa já wálẹ̀ lójijì nítòsí apá ẹ̀rọ, tí ẹ̀dọ̀fóró àdán a sì bàjẹ́ láìjẹ́ pé nǹkan kan lù ú. Àwọn mìíràn sọ lẹ́yìn náà pé lílù ni ó ń pa èyí tí ó pọ̀ jù.

Yorùbá tún ya òòbẹ̀ sọ́tọ̀ lára àdán, ìyàtọ̀ náà sì wúlò níhìn-ín. Òòbẹ̀ a máa jẹ kòkòrò, a sì máa fi gbohùngbohùn mọ ọ̀nà lóru. Àwọn tí ń kú jù ní Amẹ́ríkà jọ ọ́ nínú èyí. Àdán ńlá tí irun rẹ̀ pọ́n bíi koríko gbígbẹ, èso ni tirẹ̀. Ojú àti imú ni ó fi ń rìn. Òun ni ẹranko tí ó kan ará Ọ̀rẹ̀. Ó ń jẹ èso ìrókò, ó sì ń da hóró rẹ̀ sílẹ̀ jìnnà sí ìdí igi. Ènìyàn lè fi ọwọ́ gbin mẹlínà, gẹ́gẹ́ bí a ti gbìn ín lọ súà ní Igbó Ọba Olúwa. Ìrókò kò rọrùn bẹ́ẹ̀, nítorí kòkòrò kékeré kan a máa sọ ewé ọ̀jẹ̀lẹ́ rẹ̀ di kókó. Àwọn onígẹdú ń gé e, àdán ni ó ń gbìn ín.

Àdán yìí kì í jókòó sí ojú kan. Bí òjò bá dé, ọ̀pọ̀ wọn a fi igbó sílẹ̀ lọ sí ọ̀dàn ní ìhà àríwá, ìhà tí atẹ́gùn ti le ju ti igbó lọ. A ti tọpa àwọn tí wọ́n kúrò ní Kasanka ní Zambia, a sì rí èyí tí ó rìn ju kìlómítà 2,000 lọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni abo ń bí lọ́dún. Lóòótọ́, ìbọn ọdẹ àti ayùn onígẹdú ni ó ń dín wọn kù lónìí, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ohun tí kì í tètè bí sí i kò lè gba ikú mìíràn kún èyí tí ó wà.

Ọ̀nà kan wà tí a ti dán wò. Ní Casselman ní Pennsylvania, ní 2008 àti 2009, a kò jẹ́ kí ẹ̀rọ yí lóru àyàfi bí atẹ́gùn bá le ju bí ó ti yẹ kí ó le tẹ́lẹ̀ lọ. Ikú àdán dín kù láti 44 dé 93 nínú 100 lóru kọ̀ọ̀kan, iná tí a pàdánù lọ́dún kò sì tó 1 nínú 100. Ìwọ̀n atẹ́gùn tí ẹ̀rọ fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí yìí nílò orúkọ. “Ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀-yíyí” lè ṣe é. Nínú ìwé ìbéèrè, “ẹyẹ, àdán àti òòbẹ̀” ni kí á máa kọ, kì í ṣe “ẹyẹ” nìkan.