Bí àyẹ̀wò Kòrónà bá dé ọjà wa

 

Ẹ̀yin ìyá ọjà láti Kétu dé Ṣábẹ, Kòrónà lè tún gbé ìgbì mìíràn dé. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bá gbé tábìlì kalẹ̀ lẹ́nu ọjà, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní òwú lórí ni wọ́n máa tì bọ imú yín. Ó lè múni sín, ṣùgbọ́n kò pẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 30, èsì ti jáde.

Ẹ lè sọ pé, "Ara mi le, kí ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò?" Ẹlòmíràn ní Kòrónà lára, kò wúkọ́, ara rẹ̀ kò gbóná, síbẹ̀ ó ń kó o ran ẹni tó wá nájà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Slovakia, lọ́hùn-ún ní Yúróòpù, wọ́n yẹ èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀ wò ní ọjọ́ méjì péré, 31 Oṣù Kẹwàá àti 1 Oṣù Kọkànlá 2020. Nínú èèyàn 100, bí ẹnì kan ni wọ́n bá a lára rẹ̀. Wọ́n ní kí onítọ̀hún àtàwọn ará ilé rẹ̀ dúró sílé fún ọjọ́ 10. Níbi tí wọ́n ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, iye àwọn tó ní in lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n kí ọdún tó parí, ó tún ti ń ga sókè. Àyẹ̀wò nìkan kì í lé àrùn lọ.

Ọ̀rọ̀ wa rèé, ẹ̀yin ìyá. Ẹni tó gbọ́dọ̀ tà lónìí kó tó jẹun alẹ́, báwo ló ṣe máa jókòó ọjọ́ 10? Bó bá ń bẹ̀rù pé ebi á pa ọmọ òun, pé wọ́n á gba ìsọ̀ òun, pé wọ́n á máa nàka sí òun, á sá fún àyẹ̀wò ni.

Nítorí náà, kí tábìlì tó dé, kí ẹgbẹ́ yín ti fẹnu kò. Ta ló máa bá a ta àgbàdo rẹ̀? Ta ló máa gbé omi àti oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀? Ṣé ẹ lè kó èsúsú fún un ṣáájú?

Ẹni tí wọn ò bá a lára rẹ̀, kó má sọ ìbòmú nù. Èsì òní nìyẹn. Àyẹ̀wò lè fo àrùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Ẹ jọ sọ ọ́ kí ọjà tó ń bọ̀ tó pé. Ire o.