Ahọ́n Tó Mọ Gaàrí Ìjẹ̀bú

Ẹ̀yin ará Kraké, ẹ ò ṣàjèjì sí tábìlì ọlọ́tí tó wà lẹ́bàá ibodè, níbi tí títì ọlọ́dà láti Kútọnu ti ń wọ Nàìjíríà. Kẹ́ẹ̀gì sódábì wà nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, sìnáàpù àti jìnnì tò sáàárín, wáìnì Faransé àti wisikí dúró sókè bí àlejò tí wọ́n fún ní àga. Ẹ fi sẹ́fà rà, ẹ fi náírà rà, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fojú ìbẹ̀rù wo ìgò òkè yẹn, bí ẹni pé ó dìgbà téèyàn bá relé ìwé kó tó lè mọ èyí tó dáa nínú wọn. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá lè fi ahọ́n nìkan mọ gaàrí Ìjẹ̀bú yàtọ̀ sí ti Savalou, iṣẹ́ kù díẹ̀ fún un.

Ẹ wo ohun tí ẹ máa ń ṣe níwájú oní-gaàrí. Ẹ kì í bèèrè ìwé ẹ̀rí. Ẹ óò fi ìka mẹ́ta bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ óò wò ó bóyá ó funfun tàbí ó pọ́n, ẹ óò gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ tó wá dà á sẹ́nu. Lẹ́yìn náà ẹ óò dákẹ́ ná. Ṣé kíkan ló kọ́kọ́ dé, àbí ẹ̀yìn ló ń bọ̀? Ṣé ó ń fọ́ wórówóró léyín, àbí ó ti rọ̀? Ṣé iyanrìn wà níbẹ̀? Kó tó kọjá ọ̀nà ọ̀fun, ẹ ti mọ̀ bóyá ẹni tó ṣe é fi pákí rẹ̀ sílẹ̀ kó kan bí àwọn Ìjẹ̀bú ṣe ń ṣe, àbí ó yára yan án. Nǹkan kan náà ni ẹni tó ń tọ́ wáìnì wò ní Bordeaux ń ṣe. Á gbé ife sókè wo àwọ̀ rẹ̀, á yí i po kí òórùn lè jáde, á fi díẹ̀ yí ẹnu ká, á wá dákẹ́, á máa retí ohun tó máa kù lẹ́nu lẹ́yìn tó bá gbé e mì. Bí adùn yẹn bá pẹ́ kó tó kúrò, wáìnì gidi ni. Bó bá sá lọ lójú ẹsẹ̀, omi aláwọ̀ lásán ni.

Bí pákí kan náà ṣe ń di gaàrí méjì ni èso àjàrà kan náà ń di wáìnì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti orí òkè kan sí èkejì. Ohun tí àwọn Faransé fi jù wá lọ ni pé wọ́n fi òfin dè é. Láti 1935 ni wọ́n ti ní àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ orúkọ fún wọn. Wáìnì tó ń hó tí wọn ò ṣe ní agbègbè Champagne kò gbọdọ̀ jẹ́ Champagne, bó ti wù kó dùn tó. Ẹ fojú inú wò ó ká ní ọlọ́pàá lè mú ẹni tó yan gaàrí níbòmíràn tó wá ń kígbe "Ìjẹ̀bú rè é" lọ́jà. Ìyá oní-gaàrí mélòó ni ì bá kù lórí àtẹ?

Wáìnì fúnra rẹ̀, ẹmu èso àjàrà ni. Ẹ mọ bí tiwa ṣe ń ṣe: èyí tí wọ́n gbé dé ní kùtùkùtù dùn bí omi ṣúgà, tọ̀sán ti le, bó bá fi di ọjọ́ kejì ó ti kan. Ìwúkàrà ló ń ṣiṣẹ́ nínú agbè, ó ń jẹ ṣúgà, ó ń fi ọtí àti ìfófòó sílẹ̀. Òun náà ló ń ṣe é nínú àgbá wáìnì. Ohun tó mú kí ọ̀nà wọn yà ni pé ọ̀pẹ ń fún adẹ́mu ní tirẹ̀ lójoojúmọ́, yálà adẹ́mu tó fi igbà gùn ún, tó fi í sílẹ̀ lóòró, tàbí èyí tó gé e lulẹ̀ tó dá ihò sí i lára bí wọ́n ti ń ṣe ní agbègbè Àjàṣẹ́. Àjàrà ilẹ̀ Faransé kì í so ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Ẹni tó ń kórè lẹ́ẹ̀kan gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ti ń kó nǹkan pamọ́ sí àká, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá ihò ilẹ̀ tútù, ìdérí kọ́ọ̀kì, àti ìwọ̀nba imí ọjọ́ tó ń dá kíkan dúró. Adẹ́mu tiwa kò wá ọgbọ́n yẹn, torí pé kó tó di alẹ́ wọ́n ti mu ún tán.

Wáìnì pupa ní ìwà kan tó máa ń lé àwọn èèyàn wa sá: ó ń gba itọ́ lẹ́nu, ó ń fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ pọ̀. Wọ́n á ní, "Èyí ti bàjẹ́." Kò bàjẹ́ o. Ẹ gé obì àbàtà jẹ, kí ẹ rántí bí ẹnu ṣe ń gbẹ, àti bí omi tí ẹ bá mu lé e ṣe máa ń dùn. Ohun tó wà nínú obì yẹn, irú rẹ̀ wà lára èèpo àjàrà pupa, òun ló sì ń mú kí wáìnì náà bá ẹran ọlọ́ràá lọ dáadáa, torí ó ń gé ọ̀rá lẹ́nu. Ẹ gbé e ti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sísun, tàbí ẹran àgbò Iléyá bí ọ̀rọ̀ ọtí kò bá le jù nílé yín, ẹ óò rí i. Bí ẹ bá gbé e ti ẹja tútù, ẹnu yín lè máa ta bí irin.

Ẹ wá gbé ìdérí kúrò lórí ìkòkò tó ń hó, ẹ wo bí omi ṣe ń kán lára rẹ̀. Oru tó bá ohun tútù pàdé ló padà di omi. Láti sódábì dé Cognac, ara ìdérí yẹn ni gbogbo ọtí líle ti jáde. Ọtí inú ẹmu ń hó ní nǹkan bí 78 lórí òṣùwọ̀n Celsius, omi ń dúró di 100, nítorí náà ọtí ló pọ̀ jù nínú oru tó bá kọ́kọ́ gòkè. Àwọn tó ń se sódábì ń da ẹmu sínú àgbá irin lórí iná igi, oru á gba inú páìpù bàbà tó la omi tútù kọjá, á máa kán tó, tó, tó. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni pé Bonou Kiti Sodabi, tó bá Faransé jagun nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ló kọ́ ọ bọ̀ láti ìlú wọn, tó fi ẹmu wa dán an wò, tí orúkọ ìdílé rẹ̀ sì mọ́ ọtí náà lára. Àkókò bọ́ sí i. Àdéhùn tí àwọn ìjọba òyìnbó fọwọ́ sí ní Saint-Germain ní 1919 ti dí ọ̀nà ọtí pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kó wá sí etíkun wa láti Hamburg àti Rotterdam. Ní 1931 ìjọba Faransé fòfin de sódábì náà. Ẹni tó ń se tirẹ̀ nílé ló ní ká má se tiwa.

Tirẹ̀ ọ̀hún, Cognac, wáìnì funfun tó kan ni wọ́n ń sè lẹ́ẹ̀mejì nínú ìkòkò bàbà. Nígbà tó bá jáde, ó mọ́ gaara bí sódábì. Igi ló pa á láró. Bí omi àmù ṣe ń gba òórùn amọ̀ ni ọtí ń gba ti igi óòkù tí wọ́n fi kan àgbá: òórùn fàníílà, ti ṣúgà tó jóná díẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ VS sí lára ti lo ọdún 2 ó kéré tán nínú igi, VSOP ọdún 4, XO ọdún 10. Lọ́dọọdún díẹ̀ ń fẹ́ lọ láti ara igi, wọ́n sì ń pè é ní ìpín àwọn áńgẹ́lì. Àwa ń fi ọwọ́ ara wa ta tiwa sílẹ̀.

Wisikí Scotland, ọkà báálì tí wọ́n rẹ tó hù ni, bí a ti ń rẹ àgbàdo ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ní erékùṣù Islay, ilẹ̀ àbàtà gbígbẹ tí wọ́n gé bí bíríkì ni wọ́n fi ń dáná sí ọkà náà, nítorí náà ẹja yíyan ni ọ̀pọ̀ ọtí wọn ń rùn. Ọmọ etíkun ò yẹ kó sá fún un. Sìnáàpù ìdána ńkọ́? Ìlú Schiedam ní ilẹ̀ Holland ló sọ ọ́ di olókìkí: ọtí ọkà tí wọ́n fi èso igi juniper fún ní òórùn. Ìyá oní-pàrágà ti mọ iṣẹ́ yẹn. Òun ń rẹ egbò àti èèpo sínú ògógóró, ó sì ń tà á báyẹn. Ará Schiedam ń tún tirẹ̀ sè, kí òórùn èso lè tẹ̀ lé oru, kí àwọ̀ rẹ̀ ṣẹ́kù sínú ìkòkò.

Bí ẹ bá fẹ́ fi wọ́n wé ara wọn nílé, ẹ pe ọ̀rẹ́ méjì mẹ́ta, kí ẹnì kan fi ìwé ìròyìn wé àwọn ìgò kí ojú má baà jẹ́rìí èké. Láti orí èyí tó rọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ẹmu, wáìnì, sódábì, Cognac, kí ti Islay kẹ́yìn pátápátá, torí èéfín rẹ̀ kì í jẹ́ kí ahọ́n gbọ́ nǹkan míì mọ́. Ìwọ̀n tó bo ìdí ife ti tó. Ẹ máa mu omi láàárín. Ẹ má ti imú bọ ife ọtí líle, ẹ la ẹnu díẹ̀ kí ẹ tó gbóòórùn rẹ̀. Ẹ kán omi díẹ̀ sí i, ẹ óò rí i pé òórùn tó sá pamọ́ á yọ jáde. Ní tèmi, sódábì tí wọ́n fara balẹ̀ sè, tó ti sinmi nínú ìgò, sàn ju ọ̀pọ̀ VS tí wọ́n ń ná lẹ́nu ibodè lọ, bẹ́ẹ̀ owó wọn ò súnmọ́ra.

Ohun kan wà tí ahọ́n kò lè mọ̀. Ní oṣù kẹrin 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ojú àwọn èèyàn kan ṣú, wọ́n sì ń kú láàárín ọjọ́ kan. Àwọn tó kú ju 15 lọ. Àwọn kan ní ìbínú òrìṣà ni. Àyẹ̀wò fi hàn pé methanol ni, ọtí olóró tó wọnú ògógóró. Methanol kò ní adùn tàbí òórùn tó máa tú u fó láàárín ọtí. Ẹni tó ń gbọn ìgò láti wo ìfófòó rẹ̀ ń wo líle nìkan. Ẹni tó ń ṣáná sí i ò mọ nǹkan kan, torí ọtí gidi àti methanol, méjèèjì ló ń jó. Ọwọ́ ẹni tó sè é tí ẹ mọ̀, tí òun náà ń mu nínú rẹ̀ lójú yín, ni kí ẹ ti rà á.

Bí ẹ bá sì jáde lọ jẹun ní Kútọnu, tí agbáwo ṣí wáìnì, tó da díẹ̀ síwájú yín tó wá dúró, kì í ṣe pé ó ń ṣahun. Kò bi yín bóyá ẹ fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú. Ó fẹ́ kí ẹ gbóòórùn rẹ̀ bóyá kọ́ọ̀kì ti bà á jẹ́. Bó bá ń rùn bíi páálí tó tutù tàbí búrẹ́dì tó bu, ẹ rọra sọ fún un pé ó ti bàjẹ́, á gbé òmíràn wá láìgba owó lé e. Bí kò bá rùn bẹ́ẹ̀, ẹ mi orí, kó máa bù ú fún àwọn yòókù.